Ìbátan Kì í Ṣe Àṣẹ Ogun: Àyẹ̀wò Àwíjàre Vladimir Putin lórí Ukréìn

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyí tí a kò fi fẹ́ dá Vladimir Putin, olórí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, ó jókòó níwájú kámẹ́rà, ó sì ṣàlàyé fún àwọn ará ìlú rẹ̀ ìdí tí òun fi ń rán ọmọ ogun lọ sí Ukréìn. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó ti sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tó kún fún ìtàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2021 sì rèé, ó ti tẹ àròkọ kan jáde lórí ìṣọ̀kan àwọn ará Rọ́ṣíà àti ti Ukréìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kàn wá nínú ìjà tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ló kàn. Láti ìgbà tí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọdún kan tí ọmọ kan kì í dìde ní kíláàsì láti yin Putin, nítorí pé ó kojú àwọn òyìnbó tó jẹ gàba lé wa lórí. A mọ ibi tí ìyìn náà ti ń wá: ọgbẹ́ ìjọba amúnisìn kò tíì jinná lára wa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìmẹ̀kọ béèrè ohun tó pa wá lẹ́nu mọ́: « Bí àwọn tó ń sọ èdè wa bá wà ní òdìkejì ààlà, ṣé kò yẹ kí a lọ fi agbára gbà wọ́n padà ni? » Àpilẹ̀kọ yìí ni ìdáhùn tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àwíjàre kìíní ni ti ìbátan. Putin ní ènìyàn kan náà ni ará Rọ́ṣíà àti ará Ukréìn, pé Lenin àti àwọn Bolshevik ló gbẹ́ orílẹ̀-èdè Ukréìn jáde lára Rọ́ṣíà. Òtítọ́ wà nínú apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba àtijọ́ tó fi Kyiv ṣe olú ìlú ni àwọn méjèèjì ń pè ní orísun. Èdè wọn sún mọ́ra, ẹ̀sìn dà wọ́n pọ̀, ìgbéyàwó sì so ìdílé wọn mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí sọ́dọ̀ Lenin. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1991, wọ́n bi àwọn ará Ukréìn fúnra wọn léèrè bóyá wọ́n fẹ́ òmìnira. Ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní Donetsk àti Luhansk, níbi tí èdè Rọ́ṣíà ti gbilẹ̀, ó lé ní 80. Ní Crimea pàápàá, ó ju ìdajì lọ. Ní ọdún 1994, ní Budapest, Ukréìn gbà láti kọ ohun ìjà átọ́míìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, Rọ́ṣíà sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà rẹ̀. Ní ọdún 1997, ó tún fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀rẹ́ tó sọ ohun kan náà. Bí àbúrò bá kó jáde nílé, tí ẹ̀gbọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, ẹ̀gbọ́n kò tún lè gbé àáké lọ fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó ní ọmọ ìyá ni wá. Kharkiv àti Mariupol wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè Rọ́ṣíà jù ní Ukréìn. Àwọn náà ni àdó olóró Rọ́ṣíà sọ di àwókù.

Àwíjàre kejì ni pé wọ́n ń pa ẹ̀yà kan run ní Donbas, àti pé àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler ló wà lórí àga ní Kyiv. Níhìn-ín náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́. Ogun ti wà ní Donbas láti ọdún 2014. ONU ka òkú tó tó 14 000 lápá méjèèjì, tí àwọn tí kì í ṣe jagunjagun lé ní 3 400 nínú wọn. Ìyà jẹ àwọn aráàlú, ọta ìbọn Ukréìn sì wà lára ohun tó pa wọ́n. Òtítọ́ tún ni pé àwọn alákatakítí wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Azov sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ aráàlú náà kú; nígbà tí Putin ń sọ̀rọ̀, iná ogun náà ti rọlẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní La Haye sọ pé òun kò rí ẹ̀rí tó ti ẹ̀sùn ìparun ẹ̀yà náà lẹ́yìn, adájọ́ 13 nínú 15 sì pàṣẹ pé kí Rọ́ṣíà dá ogun dúró. Ní ti ọmọlẹ́yìn Hitler, Júù ni Volodymyr Zelensky, èdè Rọ́ṣíà ló fi dàgbà, ó sì wọlé ní ọdún 2019 pẹ̀lú ìbò tó lé ní 73 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn alákatakítí para pọ̀ du ipò ní ilé aṣòfin. Ìbò tí wọ́n rí lé díẹ̀ ní 2 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwíjàre kẹta ló lágbára jù, ti OTAN. Láti ọdún 1999, àwọn orílẹ̀-èdè tó ti wà lábẹ́ Moscow ń wọ ẹgbẹ́ ológun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2008, ní Bucharest, OTAN kéde pé Ukréìn yóò di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá rí i tí aládùúgbò ń kó ohun ìjà jọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò lè sùn dáadáa. A kò ní fi ẹ̀rù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò dá ọjọ́ kankan fún Ukréìn, Faransé àti Jámánì sì wà lára àwọn tí kò fẹ́ kí ó yá. Nígbà tí Finland, tí ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Rọ́ṣíà lé ní 1 300 kìlómítà, wọ OTAN ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Putin kò gbógun tì í. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù nìkan ni, kí ló dé tó fi kéde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 pé ẹkùn mẹ́rin ilẹ̀ Ukréìn ti di ti Rọ́ṣíà? Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó ti fi ara rẹ̀ wé ọba Peter Ńlá, ẹni tó ní ó kàn gba ilẹ̀ Rọ́ṣíà padà ni. Ibẹ̀ ni ẹnu ti tú àṣírí ikùn.

Ó kù ọ̀kan: pé àwọn mìíràn ti ṣe é rí. Putin dárúkọ Belgrade, Ìráàkì àti Líbíà. Kò parọ́. Ní ọdún 2003, Amẹ́ríkà gbógun ti Ìráàkì nítorí ohun ìjà tí a kò rí títí di òní, a kò sì gbọ́dọ̀ bo èyí mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá jí ewúrẹ́ lánàá, ìyẹn kò sọ ewúrẹ́ tí a jí lónìí di ogún baba wa. Ẹni tó bínú sí ìwà ìkà Amẹ́ríkà ní Baghdad, tó wá ń pàtẹ́wọ́ fún irú rẹ̀ ní Mariupol, ìwà ìkà kọ́ ló kórìíra. Ẹni tó hù ú ni.

Ẹ tún wo èdè tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Putin kò pè é ní ogun. « Iṣẹ́ ológun àkànṣe » ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ṣe òfin ní Moscow pé ẹni tó bá tan ohun tí ìjọba kà sí irọ́ kálẹ̀ nípa àwọn ọmọ ogun lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 jura. Olórí tí ẹjọ́ rẹ̀ dá a lójú kì í di ẹnu àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn ará Kétu àti ará Ìmẹ̀kọ, ọba kan náà ni wọ́n ń sìn kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó fa ààlà wọn láti ọdún 1889. Ṣábẹ náà ní ìbátan lápá méjèèjì. Bí ìlànà Putin bá jẹ́ òtítọ́, ogun ì bá ti jà láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà tipẹ́, àwa tí a ní ẹbí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ni ì bá sì kọ́kọ́ sin òkú. Ìdí nìyí tí àwọn olórí Áfíríkà fi pinnu ní Cairo, ní ọdún 1964, pé kí olúkúlùkù fara mọ́ ààlà tó bá lọ́wọ́ amúnisìn. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2022, Martin Kimani, aṣojú Kẹ́ńyà, rán ìgbìmọ̀ ààbò ONU létí èyí: Áfíríkà náà ní ìbátan tí ààlà pín níyà, ó sì yàn láti má ṣe fi ogun wá wọn. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, orílẹ̀-èdè 141 dìbò lòdì sí ogun náà ní ONU, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn.

Kétu kò tíì gbàgbé ọdún 1886, nígbà tí ọmọ ogun Dahomey fọ́ ìlú náà. Ìlú tí wọ́n ti fọ́ rí mọ̀ pé ẹni tó ní ogun lọ́wọ́ kì í wá ìdí tì.

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún ọmọ náà rèé. Àwọn ènìyàn ìyá rẹ ní Ìmẹ̀kọ kò sọnù, wọn kò nílò ẹni tí yóò fi ìbọn gbà wọ́n padà. Lọ kí wọn nígbà ọdún. Bá wọn sọ èdè wa, kí o kà á, kí o sì kọ ọ́. Bí o bá sì gbọ́ tí olórí kan, yálà òyìnbó tàbí ènìyàn dúdú, ń fi ìbátan ṣe ìdí láti gba ilẹ̀ aládùúgbò, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìbátan náà bóyá ó ránṣẹ́ pè é.