Ìlẹ̀kẹ̀ Ráṣítà Láti Ara Ọparun

Nínú gbogbo igi tí ènìyàn lè fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ọparun ni mo fẹ́ràn jù fún ọwọ́ ọmọdé. Ihò ti wà nínú rẹ̀ kí a tó gé e. Kò sì wọ́n lágbègbè wa: láti Mówè dé Ìbàfò títí kan Ìfọ̀, bóyá ni ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn ilé tí kò ní sí ọparun tí wọ́n fi gbé e ró. Ṣóńṣó orí rẹ̀, tí kò lágbára tó láti gbé nǹkan, ni wọ́n ń gé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí ni èmi àti àwọn ọmọ ilé wa ní Ìbógùn ń ṣà.

Mo máa ń sè é ná. Oúnjẹ tó wà lára ọparun tútù ni kòkòrò ń wá, èyí tí a kò bá sè, láìpẹ́ ìyẹ̀fun á máa dà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó sá a sí ibòòji, torí pé oòrùn líle á là á. Èmi àti ọmọ tó dàgbà jù la máa ń di ayùn mú, a ó gé e wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Àwọn kéékèèké ló ni sánpépà. Wọn á ra á, wọn á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò, wọn á tún ra á, títí etí rẹ̀ kò fi ní lè ha ẹnikẹ́ni lọ́rùn mọ́. Ibi ìra yìí ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù lọ. Ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ níbì kan á jókòó. Á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀, èmi náà á sì ráyè dáhùn.

Àwọ̀ ló kàn. Osùn ni a fi ń ṣe pupa. Osùn kì í fẹ́ yọ́ nínú omi lásán, nítorí náà àdí ni mo fi ń pò ó, a ó sì fi àkísà gbó o mọ́ igi náà lára. Gbòǹgbò orúwo tí a sè ló ń fún wa ní àwọ̀ ìyeyè. Ti àwọ̀ ewé ló máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu: a ó kọ́kọ́ rì í sínú omi orúwo, bó bá gbẹ, a ó wá rì í sínú aró. Wọ́n á pariwo pé, “Mọ́mì, ẹ wá wò ó, ó ti di ewé!” Ọ̀dà inú agolo mọ́lẹ̀ jù báyìí lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé a máa ki ìlẹ̀kẹ̀ bọ ẹnu, n kò sì fẹ́ kí ọ̀dà wọ inú ọmọ mi. Ìda oyin la fi ń kun ún kẹ́yìn kí osùn má baà ba aṣọ ilé-ìwé jẹ́.

Ìgbà tí a bá ń sín in ni mo máa ń sọ ibi tí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Àsíá Etiópíà ni. Etiópíà yìí ló ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì ní Adwa lọ́dún 1896, nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1930 ni wọ́n dé Ras Tafari ládé, tó di Haile Selassie, àwọn aláìní ní Jàmáíkà sì rí ọba aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lè fi yangàn. Wọ́n sọ ara wọn lórúkọ rẹ̀, ìyẹn Ráṣítà. Pupa dúró fún ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jìyà, àwọ̀ ìyeyè fún ọrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, àwọ̀ ewé fún ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Gánà mú àwọ̀ yìí ṣe àsíá lọ́dún 1957, Dàhòmì, tí à ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí, tẹ̀ lé e lọ́dún 1959. Ọmọ tó bá ti dé Ìdìrókò ti rí i lókè lọ́hùn-ún, lódì kejì ibodè.

Síbẹ̀, bí àwọn kan bá rí i lọ́rùn ọmọ, igbó mímu ni wọ́n máa ń rántí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ìdí ọmọ ẹni kì í burú ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa káàkiri ló so àwọ̀ yìí mọ́rùn kí wọ́n má baà gbàgbé ilé. Májẹ̀kódùnmí Fáṣèké, olórin régè tí gbogbo ayé mọ̀ sí Majek Fashek, tó kú lọ́dún 2020, ọmọ wa ni. Irun Ráṣítà tó ta kókó kò ṣàjèjì sí Yorùbá tó ń bí Dàda. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ kò ṣàjèjì sí wa náà: ẹni tó bá rí kele pupa mọ̀ pé ti Ṣàngó ni, ẹni tó rí sẹ́sẹ́ ẹfun mọ̀ pé ti Ọbàtálá ni. Àwọn ìyá wa àgbà sì ti ń fi èésan ekùrọ́ ṣe làgídígba sí ìdí kí ìlẹ̀kẹ̀ oníke tó dé. Bí Ráṣítà bá wá ní ohun tó hù láti inú ilẹ̀ ló wu òun láti fi sọ́rùn, ibo ló ti jìnnà sí tiwa?

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nílé, ẹ má lo ojú ológbò. Mo mọ̀ pé pupa rẹ̀ rẹwà, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń sín in sí irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n májèlé líle ló wà nínú rẹ̀, bí ọmọ bá sì rún un lẹ́nu, ó lè pa á. Ẹ máa ṣọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nídìí ìlẹ̀kẹ̀ gbogbo. Bí ẹ bá sì bá ọmọ pàdé lọ́nà Ìbógùn tó fi pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé sọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè bá a wí. Ẹ bi í pé ta ló ṣe é, kí ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró fún. Á sọ fún yín.