Ọ̀bẹ Ọlọ́sàn

Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ọjọ́ta l'Ékòó tàbí ní Ìwó Road n'Ìbàdàn, ẹ má wo ọsàn nìkan, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń bó o. Ọ̀bẹ rẹ̀ kéré, ó sì pẹlẹbẹ. Pípọ́n ti jẹ irin rẹ̀ tín-ín-rín. Kì í ṣe ọ̀bẹ tó ń ká bọ inú èèkù, ohun tó sì mú un dára nìyẹn: omi ọsàn kò ríbi sá pamọ́ sí lára rẹ̀. Omi díẹ̀ àti àkísà ti tó o.

Àtàǹpàkò ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ọsàn ló ń yí. Èèpo á máa já bọ́ ní gígùn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láì gé. Epo tó máa ń ta ètè, inú èèpo òde yẹn ló wà, nítorí náà gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá la ara funfun abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọsàn á máa jò sí oníbàárà láṣọ. Àwọn kan ń lo bíléèdì. Ó mú lóòótọ́, àmọ́ kò ní èèkù, ó sì ń yára gé ni lọ́wọ́. Ọ̀bẹ ni tèmi.

(Èèpo náà kì í ṣòfò: ẹlòmíràn á sá a gbẹ, á fi èéfín rẹ̀ lé ẹ̀fọn.)

Owó ọsàn nìkan ni àwọn ọlọ́sàn ń gbà, ọ̀fẹ́ ni bíbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná an jù.