Ìfarahàn àti Ìfarapamọ́: Àgbéyẹ̀wò Àwòrán tí Robert Rauschenberg Tẹ̀ sára Ike Dídán àti Aṣọ Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

1. Ìfáàrà

Bí a bá tẹ àwòrán sórí ìwé, ojú funfun ìwé ni ó máa ń gbà á dúró. Òǹwòran kì í ka funfun yẹn sí. Ó gbà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú wa tí àwọ̀ fi ń hàn. Bí oníṣẹ́ ọnà bá wá mú ìwé kúrò, tí ó fi ike tí ó dán bíi dígí tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ohun èlò nìkan ni ó pààrọ̀. Ó ti mú ilẹ̀ kúrò lábẹ́ àwòrán. Ògiri tí ó wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ inú yàrá àti ẹni tí ó ń kọjá lọ ti di ara ohun tí à ń wò.

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí Robert Rauschenberg (1925–2008), ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe láàrin 1964 sí 1976. Méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò ní pàtàkì: Shades (1964) àti ọ̀wọ́ tí ó pè ní Hoarfrost (1974–1976). Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ àwòrán tí kò jẹ́ kí a rí òun dáadáa lè jẹ́ àwòrán tí ó dára? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré fún ẹni tí ó bá ń fi ojú lámèyítọ́ Yorùbá wo iṣẹ́ ọnà. Nínú ìwádìí Robert Farris Thompson lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère, èyí tí ó jáde ní 1973, ìfarahàn wà lára àwọn òṣùwọ̀n pàtàkì: kí ìlà ara ère hàn kedere, kí ẹ̀yà kan má ṣe dàrú mọ́ èkejì. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí ka iwájú Hoarfrost láìronú jinlẹ̀, a ó dá a lẹ́bi kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì ni àgbà òṣìkà.

2. Shades: òmìnira ọwọ́

Ní 1962 ni Rauschenberg bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sórí òkúta ìtẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ Tatyana Grosman ní Long Island. Ibẹ̀ náà ni ó ti ṣe Shades, tí a kà sí ìwé. Ìwé yìí kò ní tákàdá rárá. Àwo Plexiglas mẹ́fà ni, tí a to sínú férémù onírin fífẹ́lẹ́, tí gílóòbù iná sì ń tàn sí. Àwo tí àkọlé wà lára rẹ̀ kì í kúrò ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kà á lè yọ márùn-ún yòókù, kí ó sì tún wọn tò bí ó bá ṣe wù ú. Bí ó bá jẹ́ ipò wọn nìkan ni a yí padà, tí a kò da ojú wọn dé tàbí kí a dorí wọn kodò, ọ̀nà 120 ni a lè gbà tò wọ́n.

Àwọn kan lè rò pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà yìí ni ẹwà Shades. Èrò tiwa yàtọ̀. Tàdáwà kì í wọ inú ike. Orí rẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Níbi tí tàdáwà bá wà, ó ń dí ìmọ́lẹ̀. Bí a bá sì gbé àwo kan sẹ́yìn èkejì, òkùnkùn ń kún òkùnkùn ni. Nítorí náà, ọ̀nà 120 náà kò yàtọ̀ síra tó bí iye wọn ti pọ̀ tó. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ó wà níwájú àti ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Ọ̀nà tí a gbà ń rí wọn kò yí padà. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé tí ó yẹ kí a máa fọwọ́ tò ti di ohun ìpamọ́ tí a kì í jẹ́ kí òǹwòran fọwọ́ kàn. Òmìnira tí ó ṣèlérí ti di ohun tí a ń gbọ́ ní ìròyìn.

Ó dà bí ẹni pé Rauschenberg fúnra rẹ̀ rí ààlà yìí. Ní 1967, ó fi ẹ̀rọ yí àwọn àwo róbótó inú Revolver. Ní 1968, ó ṣe Soundings, níbi tí àwòrán àga ti fara pamọ́ sẹ́yìn ike tí ó ń dán bíi dígí, tí iná kì í sì í tàn síbẹ̀ àfi bí òǹwòran bá pariwo. Ní báyìí, rírí ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ san nǹkan fún. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀.

3. Hoarfrost: ìrì dídì lára aṣọ

Orísun Hoarfrost kò fara jọ ọgbọ́n ẹ̀rọ rárá. Ní ilé ìtẹ̀wé, aṣọ tí ihò ara rẹ̀ hàn bí asẹ́ ni wọ́n fi ń nu òkúta, wọn a sì sá a kí ó gbẹ. Rauschenberg ṣàkíyèsí pé ojú àwòrán tí wọ́n nù kúrò kò kúrò tán; ó ti lẹ̀ mọ́ aṣọ ìnulẹ̀. Ohun tí a fi ń pa àwòrán rẹ́ ni ó wá di ohun tí ó gbé àwòrán ró.

Ó fi òògùn olómi tí í tú tàdáwà rin ojú ìwé ìròyìn, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ sẹ́dà, ṣífọ́ọ̀nù àti aṣọ asẹ́ títí tí àwòrán fi ṣí lọ sára aṣọ. Kò na aṣọ mọ́ igi. Ńṣe ni ó so ó rọ̀. Ní 1974 kan náà, ó ṣe Hoarfrost Editions pẹ̀lú Gemini G.E.L. ní Los Angeles. Nínú Preview, ọ̀kan lára wọn, ère ọ̀dọ́mọkùnrin Gíríìkì àtijọ́ àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ jọ wà lára aṣọ kan náà, bí ẹni pé ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra. Bí ẹnìkan bá kọjá, aṣọ a mì. Ohun tí ó hàn a pòórá, èyí tí ó pamọ́ a yọjú.

Orúkọ tí ó sọ ọ́ ṣe kókó. Láàrin 1958 sí 1960, ó ti ya àwòrán sí orí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ewì Inferno ti Dante. Nínú orí kẹrìnlélógún ewì náà, ìrì dídì mú kí àgbẹ̀ kan rò pé yìnyín ti bo pápá. Nígbà tí yóò fi tún jáde, ayé ti yí ojú padà. Ìrì dídì kò bo ilẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ nílẹ̀.

Kókó kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Bí a bá gba ojú ìwé sára aṣọ lọ́nà yìí, ńṣe ni ó ń yí padà: lẹ́tà ọwọ́ òsì a bọ́ sí ọ̀tún. Lórí ìwé, àbùkù ni èyí ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n lára aṣọ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, ẹni tí ó bá dúró sẹ́yìn lè rí lẹ́tà náà bí ó ti yẹ. Ẹni iwájú ń rí àwòrán, ẹni ẹ̀yìn ń ka ìròyìn. Kò sí ẹnìkan tí ó ní gbogbo rẹ̀. Shades kò ní ìmọ̀ yìí.

4. Ìfarahàn lẹ́ẹ̀kan sí i

Ǹjẹ́ Hoarfrost wá ṣẹ̀ sí òfin ìfarahàn bí? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Yorùbá tí ó fẹ́ kí ojú ère hàn kedere náà ni ó fi ìlẹ̀kẹ̀ bo ojú ọba tí ó dé adé, tí wọ́n sì ran àwọ̀n sí ojú eégún. Ẹni tí ó wà nínú agọ̀ ń rí wa nítorí pé ìta ni ìmọ́lẹ̀ wà; àwa kò rí i. Kò sí lámèyítọ́ tí yóò sọ pé àwọ̀n náà burú nítorí pé kò fi ojú ẹni inú rẹ̀ hàn. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ hàn kedere níbẹ̀ ni pé nǹkan kan pamọ́. Òṣùwọ̀n kì í ṣe pé kí ohun gbogbo hàn, bí kò ṣe pé kí ohun tí iṣẹ́ náà wá ṣe hàn. Lọ́nà yìí, Hoarfrost kò dàrú. Àìdúró-sójú-kan ìròyìn ni ó fi hàn wá láìṣe àbùlà.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹwà aṣọ sẹ́dà ti gbé ọ̀rọ̀ mì. Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, pàápàá níbi tí àwòrán ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ nìkan fi kù lójú. A kò ní sọ pé gbogbo ọ̀wọ́ náà ló yege.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń mú Hoarfrost hàn ni ó ń jẹ ẹ́ run, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń ba sẹ́dà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú àwọ̀ ṣá. Bí àwọn olùtọ́jú bá dín ìmọ́lẹ̀ kù, tí wọ́n dá afẹ́fẹ́ dúró, aṣọ yóò pẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán ti kú. Bí a bá sì yà á ní fọ́tò sínú ìwé, a ti dá ilẹ̀ funfun tí oníṣẹ́ ọnà mú kúrò padà sábẹ́ rẹ̀. Èyí kan àwa tí ó jẹ́ pé inú ìwé ni a ti ń wo ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà tí à ń ṣe lámèyítọ́ wọn. Níwájú irú iṣẹ́ yìí, fọ́tò kan kò tó ẹ̀rí. Ó di dandan kí lámèyítọ́ sọ ibi tí ó dúró sí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, àti bóyá afẹ́fẹ́ fẹ́, kí ó tó dájọ́.