Omele Tí Kò Ní Ìyáàlù

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí ní Alákíà, nítorí náà ó ṣòro fún mi láti fetí sí ìlù kí n má ṣe ìdájọ́. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí a ti fọkàn sí pé yóò gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, di díjéè ní Èkó, odidi ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ Àyàn kò gbọdọ̀ gbé ogún rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Èmi náà gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ náà kò bá wa jiyàn. Ohun tí ó sọ fún mi kò ju èyí lọ: "Bàbá kékeré, ẹ kò tíì gbọ́ ọ. Ẹ wá gbọ́ ọ ná, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́." Mo rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, mo sì wọkọ̀ lọ sí Èkó.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí a tó dé gbọ̀ngàn náà, ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ rí. Kò sí àga, kò sí tábìlì oúnjẹ, kò sí àyè ọ̀tọ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Òkùnkùn bo gbogbo ibẹ̀ àfi ìwọ̀nba iná pupa tí ń ṣẹ́jú, àwọn sípíkà sì ga ju ènìyàn lọ. Àyà ni mo kọ́kọ́ fi gbọ́ ìlù náà kí n tó fi etí gbọ́ ọ. Ó ń dún kì, kì, kì, kì, kò yára sí i, kò sì falẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń gún iyán fún gbogbo ìlú. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ìyà gidi ni ó fi jẹ mí. Mo ń retí kí ìlù náà sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Kí a má ṣe yára pè é ní ìranù òyìnbó. Aláwọ̀ dúdú ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1977 ni Frankie Knuckles bẹ̀rẹ̀ sí lo àwo orin fún àwọn oníjó ní ilé ijó kan tí ń jẹ́ Warehouse ní Chicago. Orúkọ ilé náà, tí ó túmọ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí, ni wọ́n gé kù tí wọ́n fi ń pe orin ibẹ̀ ní house. Ní Detroit, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson dá techno sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ẹ̀rọ ìlù TR-808 tí iléeṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Jàpáànù ṣe láti 1980 sí 1983 kò tà bí wọ́n ti rò, nítorí ọ̀pọ̀ olórin ní kò dún bí ìlù gidi. Ó di àlòkù olówó pọ́ọ́kú, ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò lágbára àtira èyí tí ó wọ́n. Ìró yìí dé Gúúsù Áfíríkà, ó kópa nínú ìbí kwaito àti amapiano. Àwọn ọmọ ìgboro Èkó náà sì ti fi kọ̀ǹpútà ṣe tiwọn, tí wọ́n ń pè ní mara.

Bí mo ti dúró níbẹ̀ ni ó yé mi pé mo mọ ìlù náà rí. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó di ìlù mú kí ẹsẹ̀ oníjó má baà ṣìnà. Iṣẹ́ omele ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Ẹ̀sùn mi sí i ni pé kò sí ìyáàlù tí yóò sọ ẹni tí ó wá síbẹ̀ àti ọmọ ẹni tí í ṣe.

Ṣùgbọ́n ta ni ìyáàlù tiwa ń bá sọ̀rọ̀ lónìí? Mo ti wà níbi òkú àgbà ní Alákíà, tí onílù fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ tí ó lọ kojú sí ẹni tí ó di owó dání. Oríkì ẹni tí kò rí náírà ná kò jáde nínú ìlù lọ́jọ́ náà. Nínú gbọ̀ngàn Èkó yìí, wọn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì náwó lé ẹnikẹ́ni lórí. Òótọ́ ni pé owó ìwọlé ti dá ọ̀pọ̀ tálákà padà lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ ẹni tí ó bá ti wọlé, ojú kan náà ni ìlù fi wò ó.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù ni ọmọ wa bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ. Ó dín ìlù kù títí ó fi ku ẹyọ kan, ìyáàlù sì sọ jáde láti inú rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni! Ọjọ́ ìsìnkú ìyá wa ni ọmọ náà ti gba ohùn ìlù náà sílẹ̀, kí ìjà tó dé. Oríkì ilé wa ni ó ń sọ. Ọgọ́rọ̀ ọ̀dọ́ na ọwọ́ sókè, wọ́n hó yèè, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ ohun tí ìlù wí. Ibẹ̀ náà ni ọmọ wa ti ṣìṣe. Ó gé gbólóhùn náà ní àárín, ó ń tún ìdajì rẹ̀ sọ léraléra, kò sì dé ibi tí orúkọ ìyá wa wà.

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Ní ọdún 2018, Tony Allen, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, gbé àwo Tomorrow Comes the Harvest jáde pẹ̀lú Jeff Mills ti Detroit. Ẹ̀rọ ń lu tirẹ̀, Allen ń fi ọwọ́ dá a lóhùn, ìkan kò sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èkejì lẹ́nu. Ó kú ní Paris ní 2020, ṣùgbọ́n àwo náà wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́gbọ́n.

Nígbà tí mo padà dé Alákíà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ó jẹ́ kí ìlù náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀?"

Mo ní rárá.

"Sọ fún un kí ó wá sílé," ni ó wí. "Kò mọ ibi tí gbólóhùn yẹn parí sí ni."