Ìfẹ́ Ọmọ Ọba, Ìnira Ẹrú: Kíka Ìtàn Salaga láti Kumasi

Ìtàn àròsọ tó bá dá lórí ìfẹ́ láàrin àwọn ọmọ ọba máa ń ní ewu kan nínú. Ọkàn òǹkàwé a máa bá àwọn olólùfẹ́ lọ: ta ni yóò fẹ́ ta, ta ni yóò sì kọ ta? Ẹni tó ń pọn omi tí wọ́n ń wẹ̀, tó ń gbá ilé tí wọ́n ti ń jà, kì í pẹ́ di ara ẹrù ilé. The Hundred Wells of Salaga, ìwé tí Ayesha Harruna Attah, ọmọ bíbí Ghana, kọ, tí ilé-iṣẹ́ Cassava Republic sì tẹ̀ jáde ní 2018, kò fẹ́ kó sínú ewu yìí.

Òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àkókò ìtàn náà. Wurche, ọmọ ọba Gonja, fẹ́ràn ẹṣin gígùn àti ọ̀rọ̀ ìlú ju ilé ọkọ lọ. Baba rẹ̀, tó ń wá alátìlẹ́yìn nínú ìjà oyè, fi í fún Adnan, ọmọ ọba Dagbon, láti fi ṣaya. Ọkàn Wurche kò sí lọ́dọ̀ Adnan. Moro ló wù ú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kíkó ènìyàn lẹ́rú ni Moro ń ṣe. Aminah, ọmọbìnrin tí wọ́n jí kó ní abúlé Botu, di ẹrú nínú agbo ilé Wurche, ọkàn òun náà sì fà sí Moro. Báyìí ni ìfẹ́ sọ ẹrú àti olówó rẹ̀ di abánidíje. Òǹkọ̀wé pín ìtàn náà fún obìnrin méjèèjì: bí Wurche bá ti ní orí kan, Aminah a ní òmíràn. Kò sí bí òǹkàwé ṣe lè gbádùn ẹ̀dùn ọkàn ọmọ ọba pẹ́ títí kí ohùn ẹni tí a rà tó dá a dúró. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn yìí ni agbára ìwé náà.

Salaga ni ibùdó ìtàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á ní Kumasi yóò bá ìlú tirẹ̀ pàdé nínú rẹ̀. Abẹ́ Asante ni Salaga wà títí di 1874. Ènìyàn wà lára ìṣákọ́lẹ̀ tí àríwá ń san fún Kumasi, obì inú igbó Asante sì ń gba Salaga lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ní oṣù kejì ọdún 1874, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun Kumasi. Salaga bọ́ àjàgà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òwò ẹrú kò tán níbẹ̀. Àṣà Asante sì ka títú orírun ẹlòmíràn síta léèwọ̀. Èèwọ̀ náà mú kí ọmọ ẹrú lè di ọmọ ilé láìsí ẹ̀gàn. Ó sì tún mú kí ìtàn ìyá rẹ̀ sọnù. Attah, tí ìtàn ìyá ńlá rẹ̀ kan tó jẹ́ ẹrú ní Salaga ló mú un kọ ìwé yìí, yàn láti sọ̀rọ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ lílò ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè wà. Wofa Sarpong ni ọkùnrin tó ra Aminah kó tó dé Salaga. Ní èdè Akan, wɔfa ni arákùnrin ìyá ẹni. Níbi tí ogún ti ń gba ọ̀dọ̀ ìyá wá, ó lágbára lórí ọmọ arábìnrin rẹ̀ débi pé ó lè fi í ṣe ìwọ̀fà. Orúkọ ẹbí wá di aṣọ tí wọ́n fi bo ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ túmọ̀ irú ìtàn báyìí sí Yorùbá, kí ó má ṣe kó gbogbo ẹni tó ń sìn sábẹ́ “ẹrú”. Awowa Akan ni ìwọ̀fà wa: gbèsè ló dè é, sísan gbèsè ni yóò tú u sílẹ̀. Akoa gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìjòyè pàápàá lè jẹ́ akoa ọba. Odɔnkɔ ni ẹni tí a rà láti àríwá, tí ẹbí rẹ̀ kò sí nítòsí láti rà á padà. Odɔnkɔ ni Aminah. Yorùbá náà kò jìnnà sí ọjà yìí: àwọn onímọ̀ so gbànja, obì tí à ń jẹ níbi ìnáwó, mọ́ orúkọ Gonja, ilẹ̀ Wurche.

Ìwé náà ní àléébù. Ẹwà Moro bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ; ìfẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a láre kí ìtàn tó bi í léèrè àwọn tó kó. Níbẹ̀, ìtàn ìfẹ́ borí ìtàn ìlú.

Síbẹ̀, àǹfààní rẹ̀ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Yorùbá ní, ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Baba Aminah, oníṣẹ́ bàtà, ti lọ ta ọjà rẹ̀ ní Jenne, kò sì padà. Kí olùkọ́ tó béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹni tí ó yẹ kí Wurche fẹ́, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí baba Aminah wà.