Bàbá Tàbí Ọ̀gá? Àgbéyẹ̀wò Ìbáṣepọ̀ Alábòójútó àti Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé

Orúkọ tí a ń pe ènìyàn a máa fi ojú tí a fi ń wò ó hàn. Ní Jámánì, "Doktorvater" ni wọ́n ń pe alábòójútó akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni bàbá ọ̀mọ̀wé. Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pe alábòójútó wọn ní bàbá. Orúkọ ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ kọ ìwé àdéhùn, kò sì sí ọjọ́ tí yóò gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀gá. Ní Fìdítì àti Ìlọrà ní agbègbè Afìjìó, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí òbí bá fa ọmọ lé aránṣọ tàbí mẹkáníìkì lọ́wọ́, níwájú ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti ń sọ iye ọdún tí yóò lò. Bí ọdún bá pé, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, yóò sì fún un ní òmìnira ní gbangba.

Àwọn kan lè wí pé iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ìwádìí. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí pàápàá, ọ̀gá akẹ́kọ̀ọ́ lè ju ẹyọ kan lọ. Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Ìlọrà, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìwé rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ Ifá jáde ní 1976. Yunifásítì ni ó fún un ní oyè, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn babaláwo Ọ̀yọ́ ni ó ti gba ẹsẹ Ifá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè: kò sí ẹni tí ó lè dá iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Síbẹ̀, orúkọ nìkan kò tó. Ọ̀gá mìíràn a máa sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Àdéhùn gan-an ni ó ń dáàbò bo ọmọ. Ó yẹ kí alábòójútó àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: iye ọ̀sẹ̀ tí orí kan yóò lò lọ́wọ́ alábòójútó, orúkọ ẹni tí yóò ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá jọ tẹ̀ jáde, àti ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni gidigidi. Olùkọ́ tí ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé níbòmíràn ni ó tún ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Bí wọ́n bá ṣe lò ó lọ́hùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí òun náà lo ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.