Tàdáwà Lọ́wọ́ Ọmọ Iléèwé: Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Nínú Iṣẹ́ Ernest Cole

Àwòrán kan wà nínú House of Bondage, ìwé fọ́tò tí Ernest Cole ṣe nípa Gúúsù Áfíríkà, tí n kì í lè ṣí kọjá bọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá dá ọmọkùnrin kan dúró, ó ń bi í léèrè páàsì, ìwé àṣẹ tí aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ máa gbé kiri nígbà náà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí kóńdó lókè. Ẹni tó bá kàn gán-án-ní rẹ̀ lè ṣí ìwé lọ síwájú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ló tú u palẹ̀: ọmọ iléèwé ni, ó ní ìwé òun lòun ń lọ mú. Ẹ̀rí tó ní kò ju kálàmù rẹ̀ lọ, àti ìka ọwọ́ rẹ̀ tí tàdáwà ta sí. Ó nawọ́ sí wọn kí wọ́n wò ó. Wọn ò gbà. Ṣòkòtò gígùn ló wọ̀, ìyẹn sì mú un jọ ẹni tó ti ju ọmọ ọdún 16 lọ, ọjọ́ orí tí páàsì ti di dandan. Wọ́n mú un lọ.

Lójú tèmi, inú irú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yìí ni iṣẹ́ Ernest Cole fìdí kalẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé èyí ò ní dùn mọ́ àwọn tó gbà pé àwòrán tó dára kì í wá agbẹnusọ. Wọ́n a máa gbé fọ́tò Cole kọ́ ara ògiri funfun, wọ́n a lẹ ọdún àti orúkọ ìlú mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Ó máa ń rẹwà bẹ́ẹ̀. Ó sì máa ń yadi.

Ìdí tí mo fi ń gbèjà ọ̀rọ̀ ni pé ìwé ni ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí Cole dojú kọ fi ń jọba. Ní 1950, òfin kan pàṣẹ pé kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ará Gúúsù Áfíríkà sábẹ́ ẹ̀yà kan: aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú, tàbí Coloured, àwọn tí wọ́n kà sí àdàlù. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wọn lójú, wọ́n a máa ki pẹ́ńsùlù bọ irun èèyàn. Bó bá já bọ́, ẹ̀yà kan nìyẹn, bó bá há síbẹ̀, ó di ẹ̀yà mìíràn. Ní 1952, òfin mìíràn kó gbogbo ìwé tí aláwọ̀ dúdú ń gbé kiri sínú ìwé kékeré kan ṣoṣo: fọ́tò rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀, àṣẹ tó fi lè wà nígboro. Orúkọ tí wọ́n sì fún òfin náà ni òfin ìfòpin sí páàsì. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó ṣe wà nínú ìwé òfin nìyẹn.) Àwọn tó ń gbé ìwé náà kiri pè é ní dompas, páàsì òmùgọ̀. Kí Cole tó bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, fọ́tò kan ti wà lápò ọ̀pọ̀ àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, ó sì ti ní ọ̀rọ̀ lábẹ́. Ìjọba ló kọ ọ́.

Cole fúnra rẹ̀ mọ agbára ìwé dáadáa. Eersterust, lẹ́bàá Pretoria, ni wọ́n bí i sí ní 1940, Kole sì ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó sọ ara rẹ̀ di Cole, ó gba ọ̀dọ̀ ìjọba lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi Coloured. Lẹ́tà kan ló yí padà. Láti ọjọ́ náà ló ti bọ́ lọ́wọ́ páàsì, tó sì lè rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè dé. Irọ́ orí ìwé ló fi rí àyè ya òótọ́ tó wà láàárín ìta.

Ní 1958 ó wọ Drum, ìwé ìròyìn Johannesburg yẹn tó ní ẹ̀dà tirẹ̀ l'Ékòó náà, ó ń ran ayàwòrán Jürgen Schadeberg lọ́wọ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Ìwé tí ayàwòrán ọmọ Faransé, Henri Cartier-Bresson, ṣe nípa àwọn ará Moscow ló là á lójú pé èèyàn lè kó àwòrán jọ kó di ìwé odidi, tí ojú ewé kan á máa jẹ́rìí sí èkejì. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyẹn, ní bòókẹ́lẹ́. Inú àpò oúnjẹ ọ̀sán ló fi kámẹ́rà pa mọ́ sí kó tó wọ ibi ìwakùsà góòlù.

Ibẹ̀ ló ti ya èyí tó lókìkí jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: àwọn ọkùnrin tó wáṣẹ́ wá, ìhòòhò ọmọlúwàbí, wọ́n tò lọ bẹẹrẹbẹ, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Dókítà ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń yẹ ẹran wò lọ́jà. Ẹ̀yìn wọn nìkan la rí. Ẹni tó bá mọ fọ́tò àtijọ́ ilé wa, níbi tí àgbà ti jókòó yangàn, tó kọjú síni, tó tẹ́ ọwọ́ lé eékún méjèèjì, á mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin yìí. Síbẹ̀ mo gbà pé Cole ṣe wọ́n lóore. Kò fi ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn hàn.

Ẹ fi wé Alfred Duggan-Cronin, ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ fún De Beers, ilé iṣẹ́ dáyámọ́ńdì, ní Kimberley, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn awakùsà ibẹ̀ ní 1904. Láàárín 1928 sí 1954 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, The Bantu Tribes of South Africa. Àwòrán ibẹ̀ gún régé, n ò ní purọ́. Ojú àwọn èèyàn hàn kedere, ìmọ́lẹ̀ bà lé wọn bó ṣe yẹ. Ẹ wá ka ohun tó wà lábẹ́ wọn: orúkọ ẹ̀yà ni, bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin. A ò gbọ́ pé ẹni yìí ń wakùsà fún ẹnikẹ́ni, a ò gbọ́ iye tó ń gbà. Ọmọ ìyá ni irú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán bẹ́ẹ̀ àti èyí tó wà nínú dompas.

Bí mo bá ní kí n má fi ọwọ́ bo Cole, àléébù kan náà wà lára tirẹ̀. Òun àti Thomas Flaherty ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, orúkọ èèyàn kò sì tó nǹkan níbẹ̀. Ọmọ iléèwé alátàdáwà yẹn kò lórúkọ. Ọmọdékùnrin tó lóṣòó nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, tí òógùn ń ṣàn wálẹ̀ lójú rẹ̀, tó tẹjú mọ́ ẹ̀kọ́ bíi pé ibẹ̀ ni ìyè wà, òun náà kò lórúkọ. Ó lè jẹ́ ààbò ni. Orúkọ lè dá ẹni náà lẹ́jọ́ tí ìwé bá dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Àmọ́ orí tó kọ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó rí já jẹ díẹ̀ le jù fún mi. Orí mìíràn, Black Ingenuity, tó fi orin, ijó àti iṣẹ́ ọnà wọn hàn, kò bá ìwé jáde ní 1967. Ọdún 2022, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Aperture tún ìwé náà tẹ̀, la tó rí i. Ọdún 55 gbáko la fi ka ìwé yìí láìgbọ́ ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀.

Santu Mofokeng, ayàwòrán ọmọ Gúúsù Áfíríkà, rí àlàfo yìí. Nínú The Black Photo Album, fọ́tò tí ìdílé aláwọ̀ dúdú fi owó ara wọn yà láàárín 1890 sí 1950 ló kó jọ, agbádá kọ́ ni, kóòtù àti fìlà òyìnbó ni, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ilé dé ilé ló ti ń béèrè: ta lèyí, ta ló ń wò ó? Ọ̀rọ̀ ló ń wá kiri, àwòrán ti wà ńlẹ̀.

Ní 1966 Cole ní òun ń lọ ṣe ìrìn-àjò ẹ̀sìn sí Lourdes, kò sì padà wálé mọ́. Wọ́n fòfin de ìwé rẹ̀ nílé ní 1968. Ó ya Harlem, ó ya ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tó yá ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀. New York ló kú sí ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1990, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí Mandela jáde lẹ́wọ̀n.

Ní 2017, fíìmù fọ́tò rẹ̀ tó tó 60,000 jáde láti inú àpótí báńkì kan ní Stockholm. Wọ́n ti ń tò wọ́n, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n jáde, ojú àwọn èèyàn sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọn dúró lójú títì, tó gbọ́ ohun tí ọmọ kan sọ nígbà tó na ìka rẹ̀ síta, ni kò sí níbẹ̀ láti kọ ọ́ sábẹ́ wọn.